Ilà Ojú Ọmọ Kòráà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lórí ìdúró, kó wá ibi fìdí lé. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, kó máa ṣà á lọ, ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, etí ṣófo. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́. Ojú mi ló ṣe, ẹnu mi sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní bàbá, tó pupa bí ọsàn, tí irun rẹ̀ sì rọ̀ bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, fi jẹ́ òun nìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ àbàjà ní gbogbo agbo ilé wa. Mo máa ń ní kí ẹ lọ jẹun. Lónìí, ẹ ti jẹun tán.

Nígbà náà, a kò tí ì gba òmìnira. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù iṣẹ́ aránṣọ ni, Bàbá wa ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan fún mi, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Beyerunka, ibi tí mo ti lè máa wo ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, aláṣọ ni. Ọjà'ba ló ti ń tà, Gbági ló ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn Kòráà. Àwọn tí à ń pè ní Kòráà ni àwọn tó ti Lẹ́bánónì àti Síríà wá, tí wọ́n ń ta aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Wọn kì í ṣe òyìnbó tó ń ṣèjọba, wọn kì í sì í ṣe ẹni bí tiwa. Òyìnbó kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun jókòó ní ilé fàájì rẹ̀, àwọn náà kì í jẹ́ kí àwa bá wọn jókòó ní tiwọn. Bí àkàbà ni ayé rí. Oníkálukú mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà, ó sì mọ orí ẹni tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi bá ọ̀kan nínú wọn ṣọ̀rẹ́, àbúrò ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Bó bá lọ ra aṣọ, ẹnu ọ̀nà iwájú ló ń gbà wọlé, wọn á gbé àga fún un. Bó bá lọ kí ọkùnrin náà, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, kí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà má baà rí i. Obìnrin kan náà, ìlẹ̀kùn méjì. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òun kì í rántí èyí tí òun fẹ́ gbà mọ́ títí òun á fi dé iwájú ilé náà.

Nígbà tó bí ọmọkùnrin, Kòráà náà wá lọ́jọ́ kẹjọ. Ó fa àgbò wá, ó gbé ṣúgà àti aṣọ wá. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló wá. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa obìnrin, tí gbogbo obìnrin ilé wà lábẹ́ rẹ̀, yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá àwọn yòókù ń bọ̀.

"Àwọn ará ilé yín ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni, Ìyá. O káàárọ̀."

Ó gbọ́ Yorùbá tó ẹni tó lè ná ọjà, ṣùgbọ́n "o" ló ń bá gbogbo ayé sọ, látorí mógàjí dórí ewúrẹ́. Àwọn ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín.

"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ," ló wí. "Ilé wo ni kí n wò báyìí?"

Alùfáà pe orúkọ, a jẹ àgbò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò fìdí múlẹ̀ nínú ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan kì í dá wá gba ọmọ. Àwọn ará ilé bàbá ló ń rọ́ wá, tí wọ́n á wí pé tiwa ni. Bí wọn kò bá wá, ọmọ wà láàárín ọ̀nà, bí ẹrù tí wọ́n sọ̀ sílẹ̀, tí a kò mọ ẹni tí yóò wá gbé e àti ìgbà tí yóò wá.

Ìgbà tí yóò wá yẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù. Obìnrin kan wà ní Òkè Bọ́lá tó bímọ fún Kòráà mìíràn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún mẹ́rin, bàbá ọmọ ra bàtà tuntun fún un, ó ní àwọn fẹ́ lọ kí ìyá òun lókè òkun, àwọn á padà dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Obìnrin náà máa ń wá sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Á mú aṣọ ọmọdé, á nà án sí apá ara rẹ̀, á ní, "Á ti ga tó báyìí." Á dá aṣọ padà, á lọ. Lọ́jọ́ tó bá ti wá, ẹ̀gbọ́n mi kì í lè jẹun. Á gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, á gbà á ní ọ̀já méjì.

Àwọn ará àdúgbò kò ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Wọ́n sọ ọ́ di Ìyá Òyìnbó.

"Ìyá Òyìnbó, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan irun rẹ̀."

"Ìyá Òyìnbó, ṣé ó ti ń sọ gẹ̀ẹ́sì?"

"Kò tí ì sọ ọ́," ẹ̀gbọ́n mi á ní. "Ẹ̀kọ ló ń sunkún fún, ṣé ẹ lè túmọ̀ rẹ̀?"

Á rẹ́rìn-ín lójú wọn, ṣùgbọ́n bó bá wọlé tán, á ti ìlẹ̀kùn.

Ọmọ náà tó oṣù mẹ́jọ, ó ti ń rá, nígbà tí fọtógíráfà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Màpó gbé aṣọ funfun kan wá bá mi pé kí n bá òun ṣẹ́ etí rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" mo bi í.

"Ẹ̀yìn fọ́tò ni. Àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ni mo fi ń yà. Pásípọ́ọ̀tù kì í fẹ́ àwọ̀ mìíràn."

Mo ṣẹ́ ẹ fún un. Nígbà tó di ọjọ́ Àtàláátà, òun àti Kòráà náà jọ dé. Wọ́n ya fọ́tò ọmọ fún bàbá rẹ̀. Wọ́n fi ìṣó kan aṣọ náà mọ́ ògiri àgbàlá, wọ́n sì fà á kúrò lára ògiri wá bo àpótí kan níwájú. Mo rí etí rẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ aṣọ dáadáa, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó jókòó. Kòráà náà mi orí.

"Ọmọ nìkan."

"Á ṣubú," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ìwọ lọ sẹ́yìn aṣọ. Dì í mú láti ẹ̀yìn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ ẹ̀yìn aṣọ, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ti abẹ́ aṣọ di ìdí ọmọ rẹ̀ mú. Láti iwájú, ọmọ pupa kan ló jókòó nínú funfun, kò ní ìyá, kò ní ilé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. "Kí ló dé tó fi ní kó jẹ́ ọmọ nìkan?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo lè sọ pé n kò mọ̀. Òótọ́ ni pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo fọ́tò aláṣọ funfun tí mo ti rí láyé mi, ti àwọn alálàájì ilé wa ni, ẹnì kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú kọ iwájú. A kì í ya ọmọ ọwọ́ ní òun nìkan lọ́dọ̀ wa. Ta ni yóò gbé e? Mo dáhùn bí ẹni tó mọ̀.

"Pásípọ́ọ̀tù ni," ni mo wí. "Fọtógíráfà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ gbá orí ẹ̀rọ mi mú bíi pé ilẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ilé ti gbọ́. Bàbá wa pè wá sí yàrá rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀.

"Ẹ pe olóólà," ló wí. "Ẹ kọ ilà ilé wa sí i lójú. Bí wọ́n bá gbé e dé ìpẹ̀kun ayé, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ilé kan wà tó ń wá a."

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀wọ́," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ta la tún kọ ilà fún nílé yìí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ti àbúrò mi? Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀ ń lọ ilé ìwé ní Bẹẹrẹ pẹ̀lú ojú tí kò nílà. Kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi nìkan?"

"Àwọn yẹn jọ wá," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ta ni yóò bi wọ́n léèrè ilé wọn?"

Ohun tí Ìyá Àgbà sọ kò ní ìkà nínú. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Síbẹ̀ ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ni yóò fi ẹ̀jẹ̀ san ohun tí àwọn yòókù rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá wa wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ṣé o fẹ́ kí n jẹ́ kó lọ?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó parí."

Olóólà wá láti Àrẹ̀mọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì. Bàbá arúgbó kan ni, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yí ojú ọmọ náà sí oòrùn, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo bí ibi tó tẹ̀ ṣe funfun tó sì padà pọ́n.

"N kò kọ irú awọ báyìí rí," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ eléyìí kò jìnnà."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ló jìnnà?" Ìyá Àgbà bi í. "Títa ríro là á kọlà, bó bá jinná tán a di oge."

Ẹ̀gbọ́n mi di orí mú, èmi di ẹsẹ̀. Àbàjà mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. N kò ní sọ bó ṣe ké. Olóólà fi omi ìgbín pa ojú ọgbẹ́ náà, ó bu ẹ̀ẹ́dú sí i kí ojú ilà lè dúdú. Lára tiwa, ẹ̀ẹ́dú máa ń ṣe bí ẹni wọlé ara rẹ̀. Lára ọmọ náà, bíi pé ẹnì kan ya ìlà sí ògiri ẹlòmíràn ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ara rẹ̀ gbóná. Nígbà tó di Sábíìtì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti wú dé abẹ́ ojú, kò mu ọmú mọ́. Ìyá Àgbà se àgbo, ó fi wẹ̀ ẹ́, ó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èmi kò lè rán aṣọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ lójú ọ̀nà, màá sáré yọjú síta, nítorí ọ̀la ni Sọ́ńdè, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kì í ṣí, ọjọ́ tí Kòráà máa ń wá. Bó bá wá, á gbé e lọ. Bí kò bá wá, a kò mọ ohun tí a máa ṣe. N kò mọ èyí tí mo fẹ́ nínú méjèèjì.

Ó wá. Ó mú àpò ìwé pẹlẹbẹ kan dání, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀. Kò bo ojú ọmọ. Ọkùnrin náà dúró.

"Ta ló ṣe é?"

"Àwa ni," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ọmọ wa ni."

"Èmi náà bí i."

Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó fà á padà kíákíá bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. "Ara rẹ̀ ń jó. Mo fẹ́ gbé e lọ ọsibítù. Báyìí."

Ẹ wo ibi tí a há sí. Bí a bá jẹ́ kí ọmọ wọ ọkọ̀ yẹn, ó lè má padà. Bí a kò bá jẹ́ kó wọ̀ ọ́, ó lè má rí ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n mi wo Bàbá wa. Bàbá wa wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó so ọmọ mọ́ àyà, ó sì fà mí lọ́wọ́. "Èmi àti àbúrò mi ń bá yín lọ."

Ẹ̀yìn ọkọ̀ la jókòó sí. Ní Bẹẹrẹ, ọ̀nà pín. Ọ̀kan lọ sí apá Àrẹ̀mọ, níbi tí a ti máa ń gba ọ̀nà lọ sí ọsibítù tí àwa mọ̀. Èkejì lọ sí apá Dùgbẹ̀, níbi tí rélùwéè tó ń lọ sí èbúté ọkọ̀ òkun wà. Ó gba ti Dùgbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Mo rí i pé ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń wò ó bóyá ènìyàn lè bẹ́ sí i pẹ̀lú ọmọ láyà.

"Bàbá ọmọ, níbo là ń lọ?"

"Ọsibítù tó dára," ló wí, kò wo ẹ̀yìn.

A kọjá ọ̀nà rélùwéè. Kò yà. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mí.

Ọsibítù ọ̀hún, àwọn òyìnbó àti àwọn Kòráà ló ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, wọ́n ní òfin ti yí padà, kò sí ti funfun tàbí ti dúdú mọ́, ṣùgbọ́n àwọn bẹ́ǹṣì ibẹ̀ kò tí ì gbọ́ ìròyìn náà. Yàrá kan wà nínú tó ní fáànù àti àga tìmùtìmù. Ìta, lábẹ́ páànù, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà tí àwọn ìyá àti ọmọ kún. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, rí Kòráà tó ti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ pupa tí a fi táwẹ̀lì wé, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá inú.

"Ẹ wọlé, ọ̀gá." Ó na ọwọ́ dí ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà. "Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í wọ ibí. Ẹ dúró síta."

"Èmi ni mo bí i," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Nọ́ọ̀sì wò ó láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ṣí táwẹ̀lì kó lè wo ọmọ. Ẹ̀rín náà pòórá. Ó wo àbàjà, ó wo Kòráà, ó tún wo àbàjà.

"Ọmọ ta lèyí?"

"Tèmi," Kòráà dáhùn.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Àwọn tó kọlà, ìta ni wọ́n ti ń gba nọ́ńbà."

Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni.

A lọ sí ìta. Àwọn obìnrin sún mọ́ra, wọ́n fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi láyè. Kòráà kò jókòó. Ó dúró nínú oòrùn, fìlà lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn. Mo rò pé òun kò tí ì dúró níwájú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, àfi kó jẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń tì.

"Kòráà, ẹ jókòó," ìyá kan tó ń fún ìbejì lọ́mú wí. "Àbí ẹ ń bẹ̀rù pé bẹ́ǹṣì á gé yín jẹ?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," òmíràn dáhùn. "Ó ń rò bóyá ó máa ní ká dín owó ìjókòó díẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pẹ́, ẹsẹ̀ ro ó, ó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ gbé e lọ?"

"Lọ síbo?"

"Pásípọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ yà fún un ńkọ́?"

"Ta ló sọ pé pásípọ́ọ̀tù ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi ni mo la ẹnu. "Èmi ni mo sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Aṣọ funfun ni mo rí."

Kòráà mú àpò ìwé náà, ó fa fọ́tò kan yọ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. "Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Kò mọ̀ pé mo bímọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi aṣọ bo ògiri wa?"

"Amọ̀ ni. N kò fẹ́ kó rí amọ̀."

"Èmi náà ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n mi bi í. "Ṣé amọ̀ lèmi náà?"

Ó tẹjú mọ́ fọ́tò. Lẹ́yìn náà ló fi èékánná tọ́ka sí ibì kan nísàlẹ̀, létí bùbá ọmọ. Orí ìka kan yọ jáde lábẹ́ aṣọ funfun, ó dúdú, ó hàn kedere. Fọtógíráfà kò rí i.

"Ìka rẹ wà níbí," ló wí.

Ọ̀sán ti rọ̀ kí wọ́n tó pè wá. Wọ́n gún ọmọ labẹ́rẹ́, wọ́n fọ ojú ilà, wọ́n ní kí a máa gbé e bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ara rẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó mu ọmú.

Kòráà kò gbé e lọ. Ṣé ó fẹ́ gbé e lọ tẹ́lẹ̀ ni? Nígbà kan ó ní òun fẹ́ kó ìyá àti ọmọ lọ kí ìyá òun lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbọ́ nípa ilà, ó ní irú ojú bẹ́ẹ̀ kò ní wọ ilé bàbá àwọn. Ìyá Àgbà gbọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi kò dúpẹ́, kò sì sunkún. Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, ìyá ọkùnrin náà ṣàìsàn, ó lọ wò ó, àìsàn mú òun náà lọ́hùn-ún, ó sì kú síbẹ̀. Ìwé kan ló wá sọ fún wa, àwọn ará Gbági ló bá wa kà á.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, báyìí ni wọ́n ṣe pín in. Ṣọ́ọ̀bù bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà. Orúkọ ọmọ wa kò sí nínú ìwé wọn. Ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀kan lọ ra aṣọ, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹni tó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìdì aṣọ méjì tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, ó tà wọ́n ní Ọjà'ba bó ṣe ń ta ti ẹlòmíràn. Nígbà tí Bàbá wa kú, tí a fẹ́ pín ilé ní ìdí igi, ìyẹn ní iye ìyàwó tó bímọ fún un, ọmọ bàbá wa kan dìde, ó ní ọmọ tí obìnrin bí fún àjèjì kò lè jókòó síbi tí ọmọ ilé jókòó. Mógàjí, olórí agbo ilé wa, kò bá a jiyàn. Ó ní kí ọmọ náà, tó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà yẹn, súnmọ́ iwájú, kó yí ojú rẹ̀ sí wa. Ẹni tó dìde náà padà jókòó. Yàrá tó wà ní igun ilé, èyí tó kọjú sí Beyerunka, ni wọ́n fún un.

Irun rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ jogún. Ilà kò sí lójú ọ̀kankan nínú wọn. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló ń gbé yàrá náà báyìí, ó sì ti ní kí birikìlà bá òun fẹ fèrèsé rẹ̀ lójú sí i.